Ta Ló Ni Ohun Iyebíye Tí A Bá Nínú Ògiri Ilé?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́
Bíbélì fún kíkà: Léfítíkù 6:1-5, Deutarónómì 22:1-3, Mátíù 13:44

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò ti inú ìwé bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀kan nínú wa ni ó ti jáde.

Nígbà tí ìpàdé wa parí lọ́jọ́ kan, arábìnrin kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn." Òun àti ọkọ rẹ̀ ra ilé àtijọ́ kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìyá àgbà kan tí ó ti sùn nínú Olúwa. Wọ́n sanwó, wọ́n gba ìwé, wọ́n kó wọlé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ ojú fèrèsé yàrá kan sí i, bíríkìlà fọ́ ògiri, ó sì bá agolo wàrà kan nínú ihò tí ẹnì kan ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ pa. Ẹ̀gbà ọwọ́ góòlù méjì ni ó wà nínú agolo náà, pẹ̀lú yẹtí góòlù kan àti èkejì rẹ̀, àti owó bébà ayé pọ́n-ùn tí a fi òwú dì. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ilé tí mo fi owó mi rà ni. Èmi ni mo ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀." Bíríkìlà ní, "Bí n kò bá fọ́ ògiri, ta ni ì bá rí i? Ẹ fún mi ní tèmi." Arábìnrin wa sì mọ àwọn ọmọ ìyá àgbà náà dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà tí òun gan-an ti ń rajà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí agolo yẹn, ẹ̀yìn ìsọ̀ ni ó ń gbà kọjá kí ojú wọn má baà pàdé.

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ó fún mi láyè díẹ̀. Mo bi àwọn tó mọ òfin léèrè, mo sì ka ohun tí agbára mi ká. Ohun tí mo rí ni mo kó wá sí ojú ìwé yìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ta ni nínú wa tí kò ní ibi kọ́lọ́fín kan tí ó ń fi nǹkan pamọ́ sí?

OHUN TÓ BỌ́ SỌNÙ KÌ Í ṢE OHUN TÍ A FI PAMỌ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí owó bá bọ́ lápò rẹ lójú ọ̀nà ọjà, ó sọnù ni. Ìwọ kò mọ ibi tó bọ́ sí, ọwọ́ rẹ kọ́ ló sì gbé e síbẹ̀. Bí o bá kó bàtà gbígbó sórí ààtàn, o dà á nù ni, ẹni tó bá ṣa á, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá fi góòlù sínú agolo, tí o gbẹ́ ògiri, tí o sì po sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú, kò sọnù, o kò sì dà á nù. O fi í pamọ́ ni. Ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ ní in lọ́kàn láti padà wá mú un. Bí ikú bá dé kí ó tó padà, àwọn tó ń jogún rẹ̀ ni ohun náà tọ́ sí, kódà bí wọn kò bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà gùn lé nínú ẹjọ́ kan tí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìpínlẹ̀ Arizona dá ní ọdún 2012. Bàbá kan kú ní ọdún 2001. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì mọ ìwà bàbá wọn pé a máa fi owó, góòlù àti ìwé ìdókòwò pamọ́ káàkiri ilé. Inú àpótí irin tí àwọn sójà ń kó ọta ìbọn sí ni ó máa ń kó wọn sí. Fún ọdún méje ni wọ́n ń tú ilé, tí wọ́n sì ń rí nǹkan. Nígbà tí wọ́n rò pé ó ti tán, wọ́n ta ilé náà ní ọdún 2008. Ẹni tó rà á gba kọngílá láti tún ilé ìdáná àti balùwẹ̀ ṣe. Òṣìṣẹ́ kọngílá náà bá àpótí méjì tó kún fún owó nínú ògiri ilé ìdáná, wọ́n sì tún rí méjì sí i nínú ògiri balùwẹ̀ òkè. Gbogbo rẹ̀ tó 500,000 dọ́là.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá kọngílá gbé owó náà lọ sílé ara rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó rí i ni ọkàn rẹ̀ kò gbà, òun ló lọ sọ fún onílé. Ọlọ́pàá dá sí i, ẹjọ́ dé kóòtù. Onílé tuntun ní òun ra ilé bó ṣe rí, pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ní owó bàbá àwọn ni. Kóòtù gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ. Ó ní ènìyàn kò lè kọ ohun tí kò mọ̀ pé òun ní sílẹ̀, àti pé ẹni tó ta ògiri kò ta owó tí bàbá rẹ̀ fi sínú ògiri láìmọ̀. Èyí kan ọkọ arábìnrin wa gan-an o, nítorí ọ̀rọ̀ tí onílé yẹn sọ ni òun náà ń sọ.

ỌMỌ TÓ Ń GBÁ ÈÉFÍN ÀTI SÓJÀ TÓ Ń TÚN AṢỌ FÈRÈSÉ ṢE

Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí ẹni tó fi í pamọ́ ńkọ́, tí a kò sì rí ọmọ tàbí ìbátan rẹ̀? Ìgbà náà ni ìjà máa ń wà láàrin ẹni tó rí i àti ẹni tó ni ilé. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn kóòtù wa ní Nàìjíríà jogún púpọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, nítorí náà ó tọ́ kí a mọ bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́hùn-ún.

Ní ọdún 1722, ọmọ kékeré kan tó ń gbá èéfín inú ihò ìdáná àwọn ènìyàn rí òrùka ọ̀ṣọ́ kan tó ní òkúta iyebíye lára. Ó gbé e lọ sí ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù kan ní London kí wọ́n bá a díye lé e. Ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ náà ṣe bí ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n, ó sì yọ àwọn òkúta ara rẹ̀. Wọ́n nawọ́ kọ́bọ̀ kan àti ààbọ̀ sí ọmọ náà. Ọmọ kọ̀, ó ní kí wọ́n dá nǹkan òun padà. Wọ́n fún un ní òfìfo, láìsí òkúta. Kóòtù ní ẹni tó bá rí nǹkan he ní ẹ̀tọ́ sí i lórí gbogbo ènìyàn àfi ẹni tó ni ín gan-an. Níwọ̀n ìgbà tí alágbẹ̀dẹ kò sì kó òkúta wọ̀nyẹn jáde, kí wọ́n ṣírò iye wọn bí ẹni pé èyí tó dára jù lọ ni wọ́n. Mo fẹ́ràn ẹjọ́ yìí púpọ̀. Ọmọ tí èéfín bò lójú, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, òun ni òfin gbèjà.

Ẹ̀kejì ṣẹlẹ̀ nígbà ogun Hitila, èyí sì jẹ mọ́ inú ilé tààrà. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Major Peel ni ó ni ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Gwernhaylod House ní ìhà Shropshire. Ọdún 1938 ni ilé náà di tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé inú rẹ̀ rí lọ́jọ́ kan. Ìjọba gba ilé náà fún àwọn sójà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1940, sójà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Duncan Hannah ń tún aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń bo fèrèsé ṣe, kí ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọ̀tá má baà rí iná. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan kan ní òkè férémù fèrèsé. Ó rò pé ìdọ̀tí tàbí àfọ́kù ògiri ni, ó jù ú sí ẹsẹ̀ fèrèsé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni ó rí i pé ohun ọ̀ṣọ́ tí àwọn obìnrin ń fi há àyà aṣọ ni, tí okùn aláǹtakùn ti bò.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó là á lójú. Nígbà tó gba ìsinmi lọ sílé tó sì fi hàn án, obìnrin náà ní nǹkan yìí lè jẹ́ iyebíye o. Hannah padà, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, wọ́n ní kí ó gbé e fún ọlọ́pàá, wọ́n sì kọ rìsíìtì fún un. Ọdún méjì kọjá, kò sí ẹni tó wá béèrè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1942, dípò kí ọlọ́pàá pe Hannah, Major Peel tó ni ilé ni wọ́n gbé e fún. Òun náà tà á ní 66 pọ́n-ùn. Àwọn tó rà á tún un tà ní 88. Peel fẹ́ fún Hannah ní owó ìdúpẹ́, Hannah kọ̀. Ó gba kóòtù lọ. Ní ọdún 1945 Adájọ́ Birkett dá a láre, ó ní kí Peel san 66 pọ́n-ùn fún un. Ìdí ni pé Peel kò gbé inú ilé náà rí, kò sì mọ̀ rárá pé nǹkan náà wà níbẹ̀ títí Hannah fi sọ fún un. Adájọ́ sì yin ìwà sójà yìí, pé ó ṣe ohun tó tọ́.

Ẹ má ṣe rò pé bí ó ti máa ń rí nìyẹn fún gbogbo ẹni tó bá rí nǹkan. Òkè férémù ni ohun ọ̀ṣọ́ yẹn wà, kò sí nínú ògiri. Ní ọdún 1963, kóòtù London gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wó ilé àtijọ́ kan, tí wọ́n bá séèfù kan tí a mọ mọ́ ara ògiri. Owó bébà tó lé ní 5,700 pọ́n-ùn ni ó wà nínú rẹ̀. Wọn kò fún àwọn òṣìṣẹ́. Adájọ́ ní ohun tó wà nínú ara ilé, ẹni tó ni àṣẹ lórí ilé ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà níwájú ti ẹni tó kàn ń fọ́ ògiri. Nítorí ohun tí wọ́n sì ti kọ sínú ìwé àdéhùn ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ Kọpọréṣọ̀n Ìlú London tó ni ilẹ̀ ni owó náà já sí. Nítorí náà bíríkìlà arábìnrin wa kò ní ẹsẹ̀ púpọ̀ láti dúró lé níwájú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló rí i. Ọ̀rọ̀ inú rere lórí rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, a óò dé ibẹ̀.

ÀÀBỌ̀ ÒGIRI

Ohun kan pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Júù ti jiyàn lé e lórí láyé àtijọ́. Àwọn olùkọ́ni wọn tí wọ́n kọ òfin àtẹnudẹ́nu sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ikú Olúwa wa ní ọ̀rọ̀ fún irú rẹ̀. Bí ènìyàn bá rí nǹkan nínú àlàpà tàbí ògiri tó ti pẹ́ púpọ̀, tirẹ̀ ni, nítorí ó lè jẹ́ àwọn ará ilẹ̀ náà ìṣáájú ló fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá jẹ́ tuntun, kí wọ́n wo ibi tí nǹkan náà wà. Bí ó bá wà láti àárín ògiri síta, ẹni tó rí i ló ni ín. Bí ó bá wà láti àárín ògiri sínú, onílé ló ni ín. Bí ilé náà bá sì jẹ́ èyí tí a máa ń fi háyà fún oríṣiríṣi ènìyàn, ẹni tó rí i ni yóò mú un, kódà nínú ilé. Mo rò ó wò pé ẹni tó ṣe òfin yẹn ti gbé inú ilé ayálégbé rí.

Àwọn Faransé ní tiwọn pín in sí méjì. Òfin wọn sọ pé ìṣúra tí a fi pamọ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi hàn pé tòun ni, tí ènìyàn sì ṣèèṣì rí, ìdajì jẹ́ ti ẹni tó rí i, ìdajì jẹ́ ti onílé. Òfin yìí ni wọ́n gbé dé Dàhòmì àti Tógò láyé ìjọba àmúnisìn, nítorí náà àwọn ará wa lápá ibẹ̀ mọ̀ ọ́n ju àwa lọ. Ní ọdún 2019, àwọn bíríkìlà mẹ́ta ń tún ilé àtijọ́ kan ṣe ní Plozévet ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Wọ́n bá àpótí irin kan nínú ògiri, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n tún rí àpò kan lórí igi àjà. Owó góòlù 239 ni gbogbo rẹ̀, ti ayé ọba Louis Kẹtàlá àti Louis Kẹrìnlá. Àwọn tọkọtaya tó ni ilé mú mẹ́rin pamọ́, wọ́n fi ìyókù ṣe gbàǹjo ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ó lé ní mílíọ̀nù kan owó Yúróòpù. Àwọn onílé àti àwọn bíríkìlà ni wọ́n jọ pín in. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó fi í síbẹ̀ ti kú láti bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún, kò sí ẹni tó lè wá sọ pé ìyá ìyá òun ni.

Nílé wa níbí, ọ̀nà mìíràn tún wà. Bí ohun tí a rí bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ara ẹni mọ́. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bá àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Kí òfin tó jí, ọ̀kan ti dé British Museum ní London ní ọdún 1939, ibẹ̀ ló sì wà. Méjì bọ́ sọ́wọ́ William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà. Òun dá wọn padà ní ọdún 1950. Lónìí, òfin ọdún 1979 fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn ni kí a fi tó létí.

Bí ó bá sì jẹ́ owó ńlá tí kò ní ẹni tó lè jáde fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ìjọba ni yóò kó o. Gbogbo wa rántí ti oṣù kẹrin ọdún 2017, nígbà tí àwọn EFCC wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Osborne, ní Ìkòyí, tí wọ́n kó mílíọ̀nù 43.4 dọ́là, pẹ̀lú 27,800 pọ́n-ùn àti mílíọ̀nù 23.2 náírà jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó pàṣẹ pé kí gbogbo rẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀.

OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ SỌ

Àwọn kan máa ń mú òwe Olúwa wa nípa ìṣúra inú oko, wọ́n á ní ṣebí ọkùnrin yẹn rí i, ó sì ra ilẹ̀ náà kó lè jẹ́ tirẹ̀. Ọkọ arábìnrin wa náà mú un. Mo bẹ̀ yín, ìjọba ọ̀run ni Olúwa ń ṣe àpèjúwe rẹ̀ níbẹ̀, bí ó ti tó ohun tí ènìyàn lè ta gbogbo ìní rẹ̀ fún. Kò dúró láti kọ́ wa ní òfin ilé rírà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òfin ohun tí a rí he, kí ó lọ sí Deutarónómì. Ibẹ̀ ni a ti ní kí a má ṣe mójú kúrò lára ohun tí arákùnrin wa sọnù, ìbáà ṣe màlúù, ìbáà ṣe aṣọ. Bí a kò bá mọ ẹni tó ni ín, kí a gbé e sílé wa títí yóò fi wá béèrè rẹ̀. Léfítíkù ní tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó rí ohun tó sọnù tó sì purọ́ nípa rẹ̀ yóò dá gbogbo rẹ̀ padà, yóò sì fi ìdá márùn-ún iye rẹ̀ lé e. Ẹ ṣàkíyèsí pé irọ́ ni ó di ẹ̀ṣẹ̀ náà. Rírí i kò ní ẹ̀bi.

Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sì sún mọ́ èyí ju bí a ti rò lọ. Nínú abala 383 rẹ̀, ẹni tó bá mú ohun tó rí he fún ara rẹ̀ kò jalè bí kò bá mọ ẹni tó ni ín, tó sì ní ìdí tó yè kooro láti gbà pé a kò lè rí olóhun mọ́. Ṣùgbọ́n arábìnrin wa mọ ọmọ olóhun. Ó ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ kọjá.

BÍ ỌWỌ́ BÁ TẸ NǸKAN

Ohun tí mo sọ fún un nìyí. Kí wọ́n má ṣe gbé góòlù yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láti tà tàbí láti yọ́. Kí wọ́n ka ohun tó wà nínú agolo lójú ẹni méjì tàbí mẹ́ta, títí kan bíríkìlà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Kí wọ́n wo owó bébà yẹn dáadáa, nítorí ó lè jẹ́rìí. Oṣù keje ọdún 1959 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ owó tirẹ̀. Èyí tí a ń ná ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lábẹ́ òyìnbó. Ọdún 1973 ni náírà dé. Owó inú agolo yóò fi ìgbà tí wọ́n fi í pamọ́ hàn dé àyè kan, ènìyàn yóò sì lè béèrè pé ta ló ń gbé yàrá yẹn nígbà náà. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà yẹn. Ó lè jẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ayálégbé kan tó ti kó lọ.

Lẹ́yìn náà kí wọ́n pe gbogbo àwọn ọmọ tó ta ilé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ó má jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní kọ̀rọ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí, nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n dá nǹkan padà fún ọmọ kan ṣoṣo, tí àwọn yòókù kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ láé. Nínú àṣà wa, ohun ìní obìnrin, àwọn ọmọ rẹ̀ ni í jogún rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ, kì í sì í ṣe àwọn ará ilé ọkọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ òfin, tàbí ó kọ wíìlì, kí wọ́n bi lọ́yà.

Fún bíríkìlà, mo ní kí wọ́n fún un ní nǹkan tó nítumọ̀. Ó lè fi agolo náà sínú báàgì irin iṣẹ́ rẹ̀ kí ó sì máa lọ. Ta ni ì bá mọ̀?

ÀWA TÍ A Ń FI NǸKAN PAMỌ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀yin ìyá mi. Nígbà tí mo ń kọ èyí, ìyá àgbà yẹn ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jù. Kí ló dé tí obìnrin fi ń rẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri? Àwọn kan sá fún olè. Àwọn kan sá fún ọkọ tó máa ń kó ọjà ìyàwó rẹ̀ tà. Ọ̀pọ̀ rí bí wọ́n ti tú yàrá opó àdúgbò lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, wọ́n sì kọ́gbọ́n níbẹ̀. N kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìyá tó bí mi ní kólò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ní òmíràn tí àwa ọmọ kò mọ ibi tó wà títí di òní.

Ṣùgbọ́n góòlù àti iyùn nìkan ni ó lè dúró nínú ògiri láìbàjẹ́. Owó bébà kì í dúró. Àwọn tó rì pọ́n-ùn mọ́lẹ̀ ní ọdún 1973 mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1984 ìjọba ológun yí àwọ̀ náírà padà láìròtẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ àpò owó sì di ìwé lásán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, gbogbo wa tò sí báńkì lójú oòrùn nítorí owó àtijọ́ tí wọ́n ní kò ní ná mọ́, kí kóòtù tó ga jù lọ tó dá sí i ní oṣù kẹta. Ẹni tó ti kú kó tó di ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, owó rẹ̀ kú tẹ̀ lé e.

Nítorí náà kí olúkúlùkù wa wá ẹnì kan, ọmọ tàbí àbúrò tó ṣeé fọkàn tán, kí ó fi ibẹ̀ hàn án. Tàbí kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó fi ìwé náà sọ́wọ́ lọ́yà tàbí sínú àpò ìwé pẹ̀lú wíìlì rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ ta ilé ogún, kí a tú àjà, kí a kan ògiri gbọ̀ngbọ̀n wò, kí a tó fọwọ́ síwèé. Ẹni tó bá ń rà á náà lè ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn ohun tí wọn yóò ṣe bí nǹkan bá jáde lẹ́yìn ọ̀la. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, kò sì ní gba lọ́yà ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Arábìnrin wa ti bá ẹlẹ́ja náà sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ bínú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé agolo náà jáde nígbà tí àwọn ọmọ ìyá àgbà dé. Àkọ́bí wọn mọ ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn. Ó ní ìyá àwọn wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìsàmì àbúrò òun, lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó rí i mọ́, olè ni gbogbo ilé rò pé ó gbé e, wọ́n sì lé ọmọ ọ̀dọ̀ kan lọ nítorí rẹ̀.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò lórí ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn. Wọ́n ti mọ̀ báyìí pé kò jalè. Kí ni ó tọ́ sí i, lọ́wọ́ ta sì ni? Bákan náà, bí ó bá jẹ́ pé ayálégbé ni ó rí agolo náà nígbà tó ń kan ìṣó mọ́ ògiri, tí lánlọ́ọ̀dù kò sì gbé ilé náà rí bíi ti Major Peel, ṣé a óò dájọ́ bí Adájọ́ Birkett ti dá a, tàbí a óò wo bí nǹkan náà ti jìn sínú ògiri tó? Kí àwọn tó ní ilé tí wọ́n fi ń háyà àti àwọn tó ń háyà má ṣe jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà nígbà ìjíròrò yìí.